Táyà Michelin CrossClimate 2 àti ohun tí adójútòfò ń wò

Ọdún kejì rèé tí mo ti ń fi táyà Michelin CrossClimate 2 rìn ní Manchester, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn ìlà ojú rẹ̀, tó rí bíi lẹ́tà V, ń lé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ mi kì í sì í yọ̀ bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì nínú òjò. Ariwo rẹ̀ nìkan ló pọ̀ díẹ̀ ní òpópónà márosẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà kí ẹ tó sanwó. 94V ló wà lára tèmi: 94 ni ẹrù 670 kílò tí táyà kan lè gbé, V sì ni eré 240 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ẹ bá ra èyí tó rẹlẹ̀ sí iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín là sílẹ̀, adójútòfò lè kà á sí àyípadà tí ẹ fi pa mọ́, kó sì tìtorí rẹ̀ kọ̀ láti sanwó nígbà ìjàǹbá. Ẹ pe adójútòfò yín ṣáájú. Ẹ má sì jẹ́ kí jíjìn àwọn ìlà ojú táyà kéré sí mìlímítà 1.6 tí òfin Gẹ̀ẹ́sì fàyè gbà.