Àgbéyẹ̀wò Bọ́tìnnì Àbùjá fún Títì àti Pípa Kọ̀ǹpútà Lórí Windows 11
Nínú àwọn bọ́tìnnì àbùjá Windows 11, èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún ni bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú L tí a tẹ̀ pọ̀, nítorí pé lójú ẹsẹ̀ ló ń ti kọ̀ǹpútà, tí iṣẹ́ tí a ṣí sílẹ̀ kò sì ní bàjẹ́ títí a ó fi fi ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí ìka ọwọ́ wọlé padà. Ti pípa kọ̀ǹpútà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Alt pẹ̀lú F4 máa ń béèrè bóyá kí ó pa á, ṣùgbọ́n bí ètò kan bá ṣì wà lójú, ètò náà ni yóò kọ́kọ́ pa dé. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun sì rèé, F4 ti di bọ́tìnnì ohùn tàbí ìmọ́lẹ̀, àfi kí a tẹ bọ́tìnnì Fn mọ́ ọn. Fún pípa kọ̀ǹpútà, Windows pẹ̀lú X, kí a wá tẹ U lẹ́ẹ̀mejì, ni mo fara mọ́ jù.