Láísẹ́ǹsì ìpẹja ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí mo rà ní Florida

Texas ni mò ń gbé. Nígbà tí èmi àti bàbá ìyàwó mi fẹ́ lọ ju ìwọ̀ ní etíkun Florida, orí fóònù ni mo ti ra láísẹ́ǹsì wa. Kò pẹ́ rárá, mi ò sì rí wàhálà kankan, yàtọ̀ sí owó díẹ̀ tí wọ́n fi kún un torí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á. Ti omi oníyọ̀ fún ọjọ́ 3 ni mo mú, $17 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ti ọjọ́ 7 jẹ́ $30, ti ọdún kan jẹ́ $47. Ìgbà tí mo sanwó tán ni mo wá rí i pé $17 yẹn gan-an ni ará ibẹ̀ ń san fún odidi ọdún.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù ṣá. Láti ọdún 1978 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ, nínú ẹjọ́ láísẹ́ǹsì ọdẹ kan láti Montana, pé ìpínlẹ̀ lè bu owó tó ju ti onílé lọ fún àlejò tó wá ṣe fàájì. Texas tiwa náà ń ṣe é: $30 fún wa lórí omi aláìníyọ̀, $58 fún àlejò.

Orí iyanrìn ni ọ̀rọ̀ ti ká mi lára. Ará Florida tó bá dúró sétí omi ń gba láísẹ́ǹsì etíkun lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi tí mo dúró tì í, tí ìgbì kan náà ń lu ẹsẹ̀ wa, sanwó. Bàbá ti pé ẹni ọdún 72. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ni, láti ọdún 65 ni wọn ò ti ní nílò láísẹ́ǹsì mọ́. Ẹja kan ṣoṣo ni wọ́n mú, kò tó ìwọ̀n, wọ́n dá a padà sómi. Òfin ìwọ̀n ò kúkú béèrè ibi tí èèyàn ti wá.

Ó ṣe tán, owó orí ìjọba àpapọ̀ ti wà nínú iye tí mo ra ọ̀pá ìwọ̀ mi, láti òfin ọdún 1950. Iye àwọn tó ra láísẹ́ǹsì wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó yẹn fún ìpínlẹ̀, èmi àlejò náà sì wà nínú àwọn tí Florida ń kà.

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń háyà fún ìpẹja, láísẹ́ǹsì ọlọ́kọ̀ ti bò ó. Ọmọ tí kò tíì pé 16 kì í san nǹkan kan. Bó bá sì máa tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún tí ẹ máa lọ, ẹ mú ti $47. Bàbá ti ń béèrè ìgbà tí a óò padà lọ, ìyẹn ni mo máa rà fún wọn.