Ìkìlọ̀: Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Tú Hard Disk Yín Lórí Tábìlì

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra fún àwọn kan tí ń pe ara wọn ní onímọ̀ nípa gbígba fáìlì tó sọnù padà ní Computer Village, n'Ìkẹjà, àti láwọn ọjà kọ̀ǹpútà mìíràn. N kò sọ pé gbogbo wọn ló burú o, nítorí àwọn tó mọṣẹ́ dunjú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀ láàrin wọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì fi ń mú èèyàn.

Ayàwòrán kan tí a jọ máa ń ṣiṣẹ́ òde ìgbéyàwó gbé hard disk rẹ̀ lọ bá ọ̀kan nínú wọn nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, tí kọ̀ǹpútà kò sì rí i mọ́. Ọ̀gá náà kò bi í bóyá ó já bọ́ ni àbí iná ló ṣe é. Ṣe ni ó tú ìdérí rẹ̀ sórí tábìlì, níbi tí fáànù ń fẹ́ sí, tí ó ń fi ìka kan àwo dídán tó wà nínú rẹ̀, tí ó ní héèdì, ìyẹn ohun tó ń ka àwo náà, ló bàjẹ́, pé kí ó san ìdajì owó sílẹ̀ kí òun lè lọ ra òmíràn. Bí ó ti gba owó tán, ó di òní, ó di ọ̀la. Nígbà tó yá, ó ní owó pààtì náà ti lé sí i, àti pé bí oníbàárà kò bá fi owó kún un, òun kò ní dá disk náà padà. Nígbà tí a fi tipátipá gbà á, àmì ìka ṣì wà lórí àwo náà, àwọn tó mọṣẹ́ tí a gbé e lọ bá lẹ́yìn náà sì sọ fún wa pé ó ti ha kọjá àtúnṣe.

Àwo yìí máa ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàrin ìṣẹ́jú kan, héèdì tó ń kà á sì ń fò lórí rẹ̀ ní àlàfo tó kéré débi pé hóró eruku kan ṣoṣo tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ kì í fi í tú u àfi nínú yàrá àkànṣe tí wọ́n ti ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tú u lójú yín kí ẹ lè mọ̀ pé òun kò ṣe màgòmágó, ẹ gba disk yín, kí ẹ máa lọ.

Àwọn mìíràn á ní bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn fẹ́ pààrọ̀. Lára ọ̀pọ̀ disk òde òní, chip kan wà lórí bọ́ọ̀dù náà tó ní ètò tó jẹ́ ti disk yẹn nìkan; bí wọn kò bá gbé e sórí tuntun, iṣẹ́ asán ni.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè bóyá wọn á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà disk náà kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà yẹn, iye tí àyẹ̀wò nìkan jẹ́, àti bóyá ẹ óò rí orúkọ àwọn fáìlì tí wọ́n gbà padà kí ẹ tó san ìyókù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà tó wà lára disk náà sínú rìsíìtì, nítorí kò ṣòro fún wọn láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí èyí tí òun kò lè gbà padà, irọ́ ló ń pa. Lórí SSD, ìyẹn irú disk tí kò ní àwo tó ń yí, ètò kan tó ń jẹ́ TRIM máa ń sọ fún disk pé ààyè fáìlì tí a pa rẹ́ ti ṣófo, disk á sì gbá a mọ́ fúnra rẹ̀, fáìlì náà kì í sì í sábà ṣeé gbà padà mọ́. Ní ti memory card tí kò ní àléébù, tó jẹ́ pé ẹ kàn ṣèèṣì pa fọ́tò rẹ́ lórí rẹ̀ ni, PhotoRec, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń wá fáìlì tí a ti pa rẹ́, wà lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà ni àwọn kan nínú wọn sì lè máa lò tí wọ́n fi ń gba owó gọbọi. Kí ẹ ṣáà má fi ohunkóhun pamọ́ sórí káàdì náà mọ́, kí ẹ sì kó èyí tó bá rí síbòmíràn.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti di disk yín mú, ẹ kó rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ WhatsApp yín jọ, kí ẹ fẹjọ́ sùn ní FCCPC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà. Bí wọ́n bá ń fi àwòrán inú rẹ̀ halẹ̀ mọ́ yín, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ.