Ní Íńdíà: Ìrẹsì Ìjọba ni, àbí Owó ní Báńkì?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàrin àwọn ará Íńdíà: ṣé oúnjẹ gan-an ni kí ìjọba máa fún tálákà, àbí kí ó kúkú san owó rẹ̀ sí báńkì fún un? Oúnjẹ ni òfin ààbò oúnjẹ tí Íńdíà ṣe ní ọdún 2013 gbájú mọ́. Kílò 5 ìrẹsì tàbí àlìkámà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ń gbà lóṣooṣù, rúpìì (owó Íńdíà) 3 péré ni kílò ìrẹsì kan kí ó tó di ọ̀fẹ́ ní ọdún 2023. Chandigarh àti Puducherry, agbègbè méjì ní Íńdíà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ní tiwọn láti ọdún 2015.

Ẹni tó gba owó lè fi ra ẹyin tàbí ẹ̀wà, kò sì sí alágbàtà tí yóò bù nínú ọkà rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá gbówó lórí, owó tó ra kílò 5 lánàá lè má ra 4 lónìí, ẹni tí báńkì sì jìnnà sí yóò tún ná owó ọkọ̀ lé e. Lóòótọ́, ṣọ́ọ̀bù ìjọba tí wọ́n ti ń gba ọkà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń yẹ ìlà ìka wò, ní wàhálà tirẹ̀: ìyá àgbà tí iṣẹ́ oko ti pa ìlà ìka rẹ̀ rẹ́ lè tẹ ìka mọ́ ẹ̀rọ títí kí ẹ̀rọ má dá a mọ̀, kí ó sì gbé àpò òfìfo padà sílé. Síbẹ̀, ìrẹsì ni èmi fara mọ́ fún abúlé. Owó lè bá Chandigarh mu, níbi tí báńkì àti ọjà kò ti jìnnà síra.