Lexus RX 350, Benz GLK 350 àti BMW X5: èwo ni apá ará Ìjẹ̀bú lè ká àtúnṣe rẹ̀?

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, ìbéèrè kan náà ló máa ń gba ẹnu àwọn èèyàn ní Ìjẹ̀bú-Òde: jíìpù wo ni kí n rà kí Ojúde Ọba tó dé? Aṣọ ẹgbẹ́ ti wà nílé, fìlà àti gèlè ti bá a mu, ọkọ̀ ló kù. Owó ọwọ́ wọn sábà máa ń tó Lexus RX 350, Benz GLK 350 tàbí BMW X5, gbogbo rẹ̀ tòkunbọ̀, láàrin ọdún 2008 sí 2012. Iye tí wọ́n ń tà wọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Nígbà mìíràn, X5 tilẹ̀ máa ń wálẹ̀ ju Lexus lọ, ẹni tó ń rà á á sì rò pé òun rí ọjà ọ̀fẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ti dúró. Àwọn tó ti ní X5 rí mọ ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wọn, ìdí nìyẹn tí iye rẹ̀ fi ń já wálẹ̀ kíákíá.

Ẹ má fi owó tí wọ́n ń ta ọkọ̀ bọ̀gìnnì ṣe ìfiwéra. Ẹ béèrè ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí yín, ẹ béèrè ibi tí páàtì rẹ̀ wà, kí ẹ sì ro ohun tó máa ná yín bó bá kú sójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú.

N kò ní kọ iye owó páàtì kọ̀ọ̀kan síbí. Kí naira tó já ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Lọ́dún 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Páàtì àwọn ọkọ̀ yìí, òkè òkun ló ti ń wá, títí kan àlòkù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ míì, nítorí náà iye tí mo bá kọ lónìí lè di irọ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ohun tí kì í yí padà ni bí ọ́ìlì tó ń gbà ṣe pọ̀ tó, ohun tó máa ń bàjẹ́ lára rẹ̀, àti bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe le tó.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀. Gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin ni wọ́n ń tà á. RX 350 ń gba bíi lítà 6, ìyẹn gálọ́ọ̀nù kan àti àbọ̀. GLK ń gba bíi lítà 8, gálọ́ọ̀nù méjì géérégé, kì í sì í ṣe ọ́ìlì kan ṣáá o. Sintẹ́tíìkì tó bá ìlànà Benz mu ni. X5 oní-sìlíńdà mẹ́fà wà láàrin méjèèjì. Ní ti epo bẹntiróòlù, ìdíwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà fi RX sí bíi lítà 12 fún 100 kìlómítà, GLK sí 13, X5 sí bíi 14. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò sí èyí tó dẹrùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ìyàtọ̀ lítà kan tàbí méjì kọ́ ló máa ń fọ́ èèyàn lápò. Àtúnṣe ni.

Lexus RX 350

Ẹ́ńjìnì rẹ̀, lítà 3.5 tí wọ́n ń pè ní 2GR-FE, kì í ṣe ti Lexus nìkan. Òun ló wà nínú Camry V6 àti Sienna láti 2007, àti Highlander láti 2008. Ẹ dé gáréèjì èyíkéyìí ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, ẹ wo Sienna tó ń kó èrò níbẹ̀. Mẹ́káníìkì tó ń tún ìyẹn ṣe ti fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì yín kí ẹ tó ra ọkọ̀. Lójú tèmi, ohun tó gbé Lexus ga jù fún ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ nìyí, ó ju ìtura ìjókòó rẹ̀ lọ. Ṣéènì ló ń lò, kì í ṣe táímíǹgì bẹ́líìtì bíi ti RX 300 àti RX 330 tó ṣáájú rẹ̀.

Ó ní àléébù tirẹ̀, ẹ sì lè fi ojú ara yín wá èyí tó burú jù. Lára àwọn tí wọ́n ṣe ní nǹkan bíi 2007 sí 2010, páìpù tín-ín-rín kan wà tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbi VVT-i, ìyẹn ohun tó ń darí ìgbà tí fáàfù ẹ́ńjìnì ń ṣí, rọ́bà ni wọ́n fi ṣe àárín rẹ̀. Rọ́bà yẹn máa ń là bó bá gbó. Bó bá là, ọ́ìlì á tú dànù láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, bí ẹni tó ń wakọ̀ kò bá sì tètè pa á, ẹ́ńjìnì lọ nìyẹn. Toyota ti fi páìpù tó jẹ́ irin lódidi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni wọ́n ti ṣe é fún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìhà ibi tí ṣéènì wà, lọ́wọ́ ọ̀tún ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀. Irin látòkè délẹ̀ ni ẹ fẹ́ rí. Bó bá jẹ́ rọ́bà dúdú lẹ rí láàrin, ọkọ̀ náà ṣì ṣeé rà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ páìpù yẹn kó tó jáde nílùú. Iṣẹ́ kékeré ni.

Ẹ tún wo ìdí pọ́ǹpù omi bóyá àbàwọ́n pupa ti gbẹ mọ́ ọn. Omi ń jò níbẹ̀ nìyẹn. Bí ẹni tó ń tà bá sì ní òun ti pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ bi í pé wákàtí mélòó ló gbà. Mẹ́ta tó wà lẹ́yìn, wọ́n gbọ́dọ̀ tú òkè ẹ́ńjìnì kúrò kí ọwọ́ tó débẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mẹ́ta iwájú nìkan ló pààrọ̀. Búṣì iwájú máa ń tètè lọ lójú ọ̀nà wa, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, páàtì rẹ̀ kún ọjà Ládípọ̀ ní Èkó.

Benz GLK 350

Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí, n kò sì ní bá yín sọ pé kó má ṣeé rà. Ó dúró ṣinṣin lójú ọ̀nà ju Lexus lọ, irin ni sípíríǹgì rẹ̀, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ Benz ML àti GL. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé GLK ni wọ́n ń tà fún yín. Àwọn kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ML 350 ti 2006 wà o, ó tóbi jù ú, owó rẹ̀ sì kéré." Lóòótọ́, ẹ́ńjìnì M272 ló wà nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n lára àwọn tí wọ́n ṣe kí 2006 tó parí, eyín gíà kan tó wà nínú ẹ́ńjìnì lọ́hùn-ún, níbi tí ṣéènì ti ń gbà kọjá, máa ń jẹ. Láti pààrọ̀ rẹ̀, gbogbo ẹ́ńjìnì ni wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀. Owó tí ẹ dín kù nígbà tí ẹ ń rà á, ibẹ̀ ni yóò bá lọ. GLK ti 2010 sí 2012 bọ́ nínú ìyẹn.

Ohun tí kò bọ́ nínú rẹ̀ ni iná mànàmáná. Bí ẹ bá ti kọ́kọ́rọ́ bọ ojú rẹ̀, ẹ dákẹ́, ẹ tẹ́tí. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ohùn kékeré kan, "kírrr", lábẹ́ stíárìn: mọ́tò tó ń ṣí àgádágodo stíárìn nìyẹn. Bí ohùn yẹn bá ti ń fà tàbí tó ń dá dúró kó tó parí, ó ti fẹ́ kú. Lọ́jọ́ tó bá kú, ẹ ó yí kọ́kọ́rọ́, kò sí iná kan tó máa tàn níwájú yín, rewáyà tí kò mọ Benz á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá bátìrì lẹ́bi. Bí stíárìn bá sì ti há nígbà yẹn, wíwọ́ ọkọ̀ náà gan-an di iṣẹ́. Ẹ kò lè yọ ti ọkọ̀ míì kí ẹ kàn gbé e wọlé, àfi kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́ mọ́ kọ́kọ́rọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú gíà rẹ̀: bó bá bàjẹ́, gíà á dúró sójú kan, ọkọ̀ á máa wọ́, àlòkù Ládípọ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́ títí ẹni tó ní irinṣẹ́ Benz yóò fi kọ ọ́.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra GLK kọ́kọ́ dáhùn nìyí: ẹni tó ní irinṣẹ́ yẹn, ṣé ó wà nítòsí yín, àbí Èkó ni ẹ ó máa wọ́ ọkọ̀ lọ? Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ tí ẹ fọkàn tán, tí ẹ sì ya ìdá kan nínú mẹ́rin owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún ọdún àkọ́kọ́, ẹ rà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sún un síwájú.

BMW X5

Ọwọ́ rẹ̀ dùn láti wà, kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Nínú ti 2007 sí 2010 tó jẹ́ sìlíńdà mẹ́fà, iná ló ń yí pọ́ǹpù omi, kì í ṣe bẹ́líìtì. Kì í jò kó tó kú, kì í hó. Ẹ lè wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn nínú oòrùn ọ̀sán, kí iná pupa ṣàdédé tàn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì àti ti ibi àsẹ́ ọ́ìlì máa ń jò bó bá ti dàgbà. Bátìrì rẹ̀ gan-an, bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà sọ fún ọkọ̀ pé tuntun ti dé. Ọ̀pọ̀ X5 kò sì ní táyà àfipamọ́, wọ́n ní táyà rẹ̀ lè rìn láìní afẹ́fẹ́. Kòtò márosẹ̀ wa kò mọ ìyẹn. Ti V8, oní-lítà 4.8, ẹ má wò ó rárá.

Àwọn kan á tún béèrè Range Rover Sport. Sípíríǹgì afẹ́fẹ́, àti ṣéènì ẹ́ńjìnì 5.0 ti 2010 sókè tí ohun tó ń mú un le máa ń jẹ: bí ẹ kò bá ní ọkọ̀ kejì nílé, ẹ jẹ́ kó lọ.

Kí ẹ tó sanwó

Bí gbogbo owó tí ẹ ní bá máa tán sórí ọkọ̀ náà, RX 350 nìkan ni kí ẹ wò, 2010 sókè bó bá ṣeé ṣe. Ẹ lọ wò ó láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n má tíì tan án. Ẹ́ńjìnì tó ti gbóná máa ń fi ọ̀pọ̀ àìsàn pamọ́. Ẹ mú mẹ́káníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, àmì kẹwàá nínú nọ́ńbà ṣáṣí ló ń sọ ọdún rẹ̀: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012. Bí RX bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, ẹ má bẹ̀rù, Kánádà ni wọ́n ti tò ó. X5 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, South Carolina ní Amẹ́ríkà ló ti wá. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn wo ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá omi ti gbé e rí tàbí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn jàǹbá. Ọkọ̀ tí omi ti wọ̀, Lexus ni o, Benz ni o, wáyà rẹ̀ kò ní fún yín nísinmi.

Ní ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé náà, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù bóyá nọ́ńbà ṣáṣí inú rẹ̀ bá ti ara ọkọ̀ mu, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.