Ṣápẹ́ẹ̀lì ẹgbẹ́ SAE ní Evanston, ojú ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fi wò ó

Àbúrò mi tí mo lọ kí ní Chicago ló wọ́ mi lọ o. Ó kàn ní "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ wo ilé àwọn frat kan" ni àyà mi bá já, torí ẹni tó bá ti gbé Under G rí, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH l'Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n bá ti ní frat báyìí, ẹgbẹ́ òkùnkùn ló máa rò, ibi tó máa gbà sá ló ń wò. Mo ní ṣé wọn ò ní mú wa mulẹ̀ ṣá, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Levere Memorial Temple lorúkọ ibẹ̀, ní Evanston lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Ẹ wo nọ́ńbà ilé: 1856, ọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Sigma Alpha Epsilon (SAE), ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin yunifásítì, sílẹ̀ ní Alabama náà nìyẹn. December 1930 ni wọ́n ṣí i, ní ìrántí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó lọ sójú ogun, Levere, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n fi sọ ọ́ sì ti kú ní 1927, kò fojú rí i.

Ṣápẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Òrùlé ga fíofío, gíláàsì aláràbarà tí iléeṣẹ́ Tiffany ṣe wà lójú fèrèsé, oòrùn wá gba inú ẹ̀ wọlé, búlúù àti pupa ń tàn lórí bàtà mi, mi ò fẹ́ gbẹ́sẹ̀ mọ́.

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan DeVotie. Òun ló kọ ìlànà ìmùlẹ̀ wọn (ẹ ò rí i, ìmùlẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́!), pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi sì ni, ní Selma. Ó tẹ̀ lé àwọn sójà Gúúsù lọ bíi pásítọ̀ wọn, ó já sómi kú ní Fort Morgan ní February 1861, ogun abẹ́lé Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Onítẹ̀bọmi Gúúsù o! Àwọn náà ló rán míṣọ́nnárì Bowen tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ wa ní 1855, ọdún kan péré ṣáájú ẹgbẹ́ yìí. Àwọn ló dá sẹ́mínárì wa sílẹ̀ ní 1898, ọsibítù tí wọ́n bí mi sí, àwọn náà ni, wọ́n sì ti yà kúrò lára àwọn ará Àríwá ní 1845 torí wọ́n ní ẹni tó lẹ́rú náà lè ṣe míṣọ́nnárì. Àwọn ọmọ SAE ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tí ò fẹ́ kí ẹrú dòmìnira ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti jagun. Mo kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni, mi ò mọ̀ bóyá kí n gbàdúrà ni àbí kí n bínú.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ti gíláàsì yẹn pé, èyí tí mo yọ, torí àwọn ọmọ tuntun tó kú lọ́wọ́ ìyà tí wọ́n fi ń gbà wọ́n wọlé ni, 2014 ni ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé àkókò ìdánwò tí àwọn ọmọ tuntun máa ń kọ́kọ́ là kọjá.

Mo délé, mo sọ fún màmá mi ní Takie, nǹkan tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mi ò jẹ nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní omi nìkan ni mo mu. Wọ́n ní omi ọ̀hún ńkọ́, ta ló bù ú?