Tẹ́ḿpìlì Chola mẹ́ta láyìíká Thanjavur: ọ̀dọ̀ bàbá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ sí Thanjavur, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní gúúsù Íńdíà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún un. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní aago mọ́kànlá àárọ̀, wọ́n á bọ́ bàtà, òkúta ilẹ̀ á jó wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò mélòó kan, wọ́n á sì máa lọ. Owó ọkọ̀ òfurufú ṣòfò nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni Thanjavur àti Kumbakonam tó múlé tì í ń fẹ́. Tẹ́ḿpìlì mẹ́ta tí àwọn ọba Chola, ìdílé ọba tó ṣàkóso gúúsù Íńdíà láyé àtijọ́, kọ́ sí agbègbè yìí, ìran kan náà ló kọ́ wọn: bàbá, ọmọ, àti àrọ́mọdọ́mọ wọn. Ẹni tó bá wò wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ wọn tẹ̀ léra, ojú rẹ̀ á rí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀, òkúta lásán ni yóò máa wò.

Ti bàbá ló wà nínú Thanjavur gan-an. Rajaraja Kìíní, tó jọba láti 985 sí 1014, ló kọ́ ọ, ọdún 1010 ló sì parí rẹ̀. Brihadisvara lorúkọ inú ìwé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé "Periya Kovil", ìyẹn Tẹ́ḿpìlì Ńlá, ibẹ̀ náà ni yóò gbé yín lọ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo ń wí, irú èyí tí a ń gùn l'Ékòó. Íńdíà náà ni púpọ̀ nínú tiwa ti wá. Ẹ ná owó rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Ilé gogoro tó wà lórí ojúbọ ga ju 60 mítà lọ, ìpele 13 ni, òkúta akọ ni wọ́n sì fi mọ ọ́n. Ẹrẹ̀ odò Kaveri àti oko ìrẹsì ló yí ìlú náà ká, kò sí àpáta irú rẹ̀ nítòsí. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wọ́ gbogbo òkúta yẹn wá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ wọ ibẹ̀, kò sí owó ẹnu ọ̀nà, ọ̀fẹ́ ni. Ìlà-oòrùn ni tẹ́ḿpìlì náà kọjú sí. Tí ẹ bá dé ní aago mẹ́fà àárọ̀, bí oòrùn bá ṣe ń yọ, á ta sí iwájú rẹ̀, gbogbo ère tó wà lára rẹ̀ á sì hàn kedere. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ilé gogoro ni oòrùn wà. Ẹni tó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà, òjìji dúdú ló máa rí nínú fọ́tò rẹ̀. Ẹ rìn yí i ká lọ sí igun gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bí aago márùn-ún, ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá ká. Òkúta náà á pọ́n bí epo tuntun títí oòrùn á fi wọ̀.

Láàárín ìgbà méjèèjì yẹn, ẹ jìnnà síbẹ̀. Láti nǹkan bí aago méjìlá sí mẹ́rin ọ̀sán ni wọ́n ń ti ojúbọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì Kumbakonam ń tì. Kò sì sẹ́ni tó ń wọ bàtà nínú àgbàlá. Wọ́n máa ń tẹ́ ẹní sí ojú ọ̀nà kan, àmọ́ ẹni tó bá yà kúrò lórí rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá á máa fò bí ẹni tẹ ẹyin iná. Ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ló dára jù, wọn kò kọ̀ ọ́. Aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún ni kí ẹ wọ̀. Ẹ lè ya fọ́tò ní ìta, ẹ má yà á nínú ojúbọ.

Ẹ má jẹ́ kí ọrùn yín gbé sókè nìkan o. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Lẹ́tà Tamil ló kún ibẹ̀, ìlà lórí ìlà, tó yí ilé náà po. Ìwé ìṣirò ni. Rajaraja ní kí wọ́n gbẹ́ ohun tí òun, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin àti àwọn ayaba fi ta òrìṣà lọ́rẹ sára òkúta: wúrà, ohun ọ̀ṣọ́, ère idẹ, ilẹ̀ oko. Àwọn obìnrin oníjó 400 tí wọ́n kó wá láti oríṣiríṣi tẹ́ḿpìlì ilẹ̀ Chola wà níbẹ̀, orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n ti wá, àti òpópónà tí ilé kálukú wà. Fìtílà náà ní ìṣirò tirẹ̀. Fìtílà kan tí kò gbọdọ̀ kú, abo àgùntàn 96 ni wọ́n ń kó fún darandaran kan, kí ó máa mú bọ́tà yíyọ́ wá lójoojúmọ́ láti fi tàn án. Bí kò bá jẹ́ àgùntàn, màlúù 48. Bí kò bá jẹ́ màlúù, abo ẹfọ̀n 16. Lójú tèmi, ìsàlẹ̀ ògiri yìí níye lórí ju ilé gogoro lọ, nítorí pé ó sọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ilé náà, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìkan.

Ohun méjì kan wà tí àwọn afinimọ̀nà ẹnu ọ̀nà máa ń sọ. Àkọ́kọ́, pé òjìji ilé gogoro náà kì í kan ilẹ̀ láé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀ lówùúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí i lórí ilẹ̀ gbọọrọ. Èkejì, pé àwọn lè mú yín wọ ọ̀nà tó yí ojúbọ ká láti rí àwòrán ara ògiri ayé Chola. Ọ̀nà yẹn, títì ló wà fún gbogbo èèyàn, torí náà ẹ má sanwó fún un. Akọ màlúù ńlá tó dojú kọ ojúbọ, òkúta kan ṣoṣo tó gùn tó nǹkan bí 6 mítà, kì í ṣe iṣẹ́ Rajaraja. Àwọn ọba Nayak ló gbé e síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni kí ẹ fi wo ààfin Thanjavur, nítorí pé ìbòòji wà níbẹ̀. Àwọn Nayak ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ọba Maratha wá gbà á ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ara ilé náà ti ń ṣá, kí a má purọ́. Ère idẹ ayé Chola tó wà nínú gbọ̀ngàn ìfihàn rẹ̀ ló tó owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá èyí tí wọ́n rí ní Tiruvenkadu, tó ti ọdún 1011 wá: òrìṣà Shiva dúró, ó wé irun rẹ̀ bíi láwàní, ejò sì lọ́ mọ́ ọn. Apá ọ̀tún rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, ìgúnpá tẹ̀, ọwọ́ rọ̀ wálẹ̀. Akọ màlúù ló fi ọwọ́ yẹn tì, àmọ́ màlúù náà ti sọnù. Bí ẹ bá dúró pẹ́ díẹ̀, ẹ ó mọ gíga ẹ̀yìn màlúù náà láti ara ọwọ́ tó fi tì í.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó ẹrù lọ sí Kumbakonam, nǹkan bí 40 kìlómítà. Bọ́ọ̀sì ń lọ ṣáá, rélùwéè náà wà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn sùn sí Thanjavur lálẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó máa lọ kó máa bọ̀. Ọ̀nà náà kún, àárọ̀ tó yẹ kó fi wo nǹkan ni yóò fi jókòó sínú ọkọ̀.

Tẹ́ḿpìlì ọmọ wà ní Gangaikonda Cholapuram, nǹkan bí 35 kìlómítà sí Kumbakonam. Rajendra Kìíní, ọmọ Rajaraja, rán ọmọ ogun lọ títí dé odò Ganges, wọ́n bu omi rẹ̀ wá, ó sì kọ́ olú ìlú tuntun láti fi ṣe ìrántí rẹ̀. Ìlú náà ti di oko. Tẹ́ḿpìlì nìkan ló kù. Ó kéré sí ti bàbá rẹ̀ díẹ̀. Ti bàbá gùn lọ sókè ní ṣanṣan bí ọ̀pá, ti ọmọ tẹ̀ wọnú bí ìbàdí obìnrin. Ẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà àríwá, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn: Shiva jókòó, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń wé òdòdó mọ́ orí ẹnì kan tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ wo bí ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń rọra ṣe é. Odi àgbàlá náà kò pé mọ́, torí pé nígbà tí àwọn òyìnbó Bìrìtìkó ń mọ ìdídò kan sórí odò Kollidam ní 1836, òkúta odi náà ni wọ́n tú lọ. Ẹ háyà ọkọ̀ fún àárọ̀ kan, kí ẹ gbé omi àti oúnjẹ dání, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù kò pọ̀ níbẹ̀.

Darasuram ni ti àrọ́mọdọ́mọ, Rajaraja Kejì, ọ̀rúndún kejìlá, ìrìn kẹ̀kẹ́ kúkúrú láti Kumbakonam. Àjọ UNESCO kọ ti Thanjavur sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1987, wọ́n sì fi méjì yòókù kún un ní 2004. Ilé gogoro Darasuram kò ju nǹkan bí 24 mítà lọ, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ibẹ̀ á ní ó kéré. Ìdí rèé tí mo fi ní kí ó gbẹ̀yìn. Thanjavur ni wọ́n ti fi agbára kọ́ ilé gíga hàn tán. Iṣẹ́ ọnà tó fẹ́ ọwọ́ àti ojú ló kù fún Darasuram. Wọ́n gbẹ́ gbọ̀ngàn iwájú bíi kẹ̀kẹ́ ogun, ó ní táyà òkúta àti ẹṣin tó ń fà á. Ère kan wà níbẹ̀ tí erin àti akọ màlúù jọ ní orí kan ṣoṣo: ẹ fi ọwọ́ bo apá kan, erin ni; ẹ bo apá kejì, màlúù ni. Àtẹ̀gùn kékeré kan tí òkúta rẹ̀ máa ń dún bí orin tí wọ́n bá lù ú wà níwájú, àmọ́ wọ́n ti fi irin yí i ká. Ilẹ̀ àgbàlá rẹ̀ rẹlẹ̀, omi máa ń dúró síbẹ̀ tí òjò bá pọ̀. Oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ni òjò wọn ń rọ̀ jù, oṣù kẹrin sí ìkẹfà sì ni ooru máa ń mú gidi. Oṣù kìíní àti ìkejì ló dáa jù.

Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà lọ, ẹ má fi káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ṣeré. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní in, wọ́n lè há a mọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà ní pápákọ̀ òfurufú Íńdíà.

Ọ̀sán ìkẹyìn, ẹ lọ sí Swamimalai, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ, kò jìnnà sí Kumbakonam. Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ fo ibẹ̀, torí pé ọ̀nà ìda tí wọ́n fi rọ àwọn orí idẹ Ifẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń lò. Wọ́n á yọ́ ìda oyin pọ̀ mọ́ oje igi àti òróró ẹ̀pà, wọ́n á fi mọ ère. Imọ̀ àgbọn tí wọ́n ká sí ìwọ̀n-ìwọ̀n ni wọ́n fi ń wọn orí, ọrùn àti apá. Ẹrẹ̀ kíkúnná odò Kaveri ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi kùn ún, nítorí òun ló ń gba gbogbo ilà ara ère. Abẹ́ ìbòòji ló ti ń gbẹ. Bí wọ́n bá sá a sóòrùn, ìda á rọ̀, ère á wọ́. Amọ̀ tó le àti wáyà irin ló tẹ̀ lé e. Wọ́n á yan án, ìda á ṣàn jáde, wọ́n á sì da bàbà, idẹ àti òjé yíyọ́ sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Tí ọ̀rinrin bá kù nínú amọ̀, yóò bú. Ibi tó ti yàtọ̀ sí ti Ifẹ̀ ni pé oníhò làwọn ti wa, amọ̀ wà nínú wọn. Ti Swamimalai dì látòkèdélẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ yí ère náà dà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀: ibi tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ihò afẹ́fẹ́ ni wọ́n dí níbẹ̀. Òfin Íńdíà kò jẹ́ kí ère tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún jáde nílùú, nítorí náà ẹ gba rìsíìtì tó ní ọjọ́, kí ẹ sì béèrè fún ìwé tó fi hàn pé kì í ṣe ohun àtijọ́. Inú báàgì ọwọ́ ni kí ẹ kó ìwé wọ̀nyí sí, kí ẹ lè tètè yọ ọ́ tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá béèrè.